Mo Gba Lomé Lọ Nítorí Búùsì Màlúù

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo jáde nílé wa ní Ìsẹ́yìn, ọyẹ́ sì ń fà mí létí bí ọ̀gá ilé ìwé. Ìyàwó mi, Ìyá Ṣẹ́gun, tan tọ́ọ̀ṣì sìn mí dé ẹnu géètì. Kì í ṣe pé àárò mi ti ń sọ ọ́. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i pé mo lọ ni.

"Bàbá Ṣẹ́gun," ó ní, "ẹ rántí o. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí ẹ ò tíì mọ ohun tó ń ṣe ilẹ̀ bàbá mi, Àdìsá àbúrò mi ló máa dá a lọ́dún yìí."

Mo ní mo ti gbọ́. Ó ní òun mọ̀ pé mo ti gbọ́, kí n ṣáà rántí ni.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo wá ń jókòó sílé, tí mo ń tún Yorùbá àwọn tó ń kiri ọjà kọjá ṣe, ìyàwó mi ní kí n jọ̀ọ́ lọ máa dáko lórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un lọ́nà Òkèhò. Mo sọ fún gbogbo agboolé pé ọ̀rọ̀ oko kò ju ọ̀rọ̀ ọpọlọ lọ. Wọ́n ní kí n fi àpò ajílẹ̀ òyìnbó kan sí i, mo fi méjì. Mo gbọ́ pé eérú dára, mo da eérú bí ẹni ń da yangí sójú ọ̀nà. Àgbàdo hù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kúrú bí ẹni tó kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, ewé rẹ̀ sì la ilà funfun gbọọrọ gbọọrọ lọ́tùn-ún lósì. Ìlú tí wọ́n ti ń hun aṣọ òfì ni ìlú wa. Kíá ni wọ́n ní Tíṣà ti gbé òfì rẹ̀ lọ sóko. Ọdún kejì tún rí bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan tilẹ̀ dá mi dúró lójú ọ̀nà, ó bi mí bóyá mo lè bá òun hun ti ìgbéyàwó ọmọ òun.

Àǹtí Sàlámátù ló ní kí n máa bọ̀ ní Lomé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, Lomé ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti ń ta ẹ̀wà àti àgbàdo ní àdúgbò Gbossimé. Nígbà tí mo sọ ìṣòro mi fún un lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyẹn náà ni? Ní Baguida níbí, inú yanrìn etí òkun ni wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́, ó sì dúdú minimini. Búùsì màlúù ni o! Máa bọ̀. Músíọ̀ kan wà tó mọ̀ ọ́n dáadáa, á mú ẹ lọ."

Bọ́ọ̀sì màlúù ni èmi gbọ́. Ó ya mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo rò ó pé ní ilẹ̀ àwọn Faransé, ohun gbogbo ló ṣeé ṣe. N kò bi í léèrè ohun tí bọ́ọ̀sì ń ṣe fún ẹ̀fọ́. Tíṣà kì í béèrè ohun tó máa fi hàn pé kò mọ̀. Nígbà tí ìyàwó mi bi mí, mo ní, "Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni."

Bí mo ṣe wọ ọkọ̀ nìyẹn. Ìsẹ́yìn sí Ìbàdàn, Ìbàdàn sí Èkó, Èkó sí ẹnu ibodè Sẹ̀mẹ̀. Àwọn ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró lọ́nà Sẹ̀mẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń kà wọ́n títí oorun fi gbé mi lọ. Ní ibodè, mo ṣẹ́ náírà mi sí owó sẹfá. Owó tó nípọn bí Bíbélì nínú àpò mi di tín-ín-rín bí ìwé orin. Ní Kùtọnu, mo jẹ èkọ oníyẹ̀fun kan tí wọ́n pọ́n sínú ewé, pẹ̀lú ẹja díndín àti ata tútù. Ó dà bí èkọ tiwa, àfi pé wọn kì í pò ó mu. Lẹ́yìn náà ni mo wọ takisí Lomé. Èèyàn mẹ́rin ni wọ́n kó sẹ́yìn. Ìyá kan tó gbé adìyẹ méjì dání jókòó sí apá òsì mi, adìyẹ kan sì ń wo ojú mi bí ọmọ tó mọ ìdáhùn ṣùgbọ́n tí a kò pè.

Nígbà tí a kọjá ibodè Hillacondji wọ ilẹ̀ Togo, awakọ̀ wa, ọmọ Nàgó kan tó gbọ́ Yorùbá, tọ́ka sí aago ọwọ́ mi.

"Bàbá, ẹ dá a padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Níbí, aago wọn wà lẹ́yìn tiwa."

"Wákàtí kan gbáko?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ti kéré sí ọjọ́ orí yín báyìí."

Inú mi dùn sí i ju bó ti yẹ lọ. Òkun wà lápá òsì wa, àgbọn lápá ọ̀tún, ọ̀nà náà sì tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀ tí adìyẹ yẹn fi sùn.

Àǹtí Sàlámátù ń dúró dè mí níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ dà bí ti àwọn ìyá wa àgbà, irú èyí tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́ nílé, ṣùgbọ́n Faransé ń yọ jáde láàárín rẹ̀ bí òkúta nínú ẹ̀wà.

"Bọ́nsúà, ọmọ ìyá mi! Sa va? Ṣé ọ̀nà ò le? Wọlé, wọlé. O ti rù o! Ṣé ìyàwó ẹ ò fún ẹ lóúnjẹ ni?"

Mo ní oúnjẹ wà, ilẹ̀ tó dáa ni kò sí. Ó ní ilẹ̀ pọ̀ ní Baguida. Ó bu ayímọ̀lú fún mi, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, pẹ̀lú ata dúdú kan tó mú mi sunkún láìsí ìbànújẹ́. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọjọ́ ọdún ni a máa ń se ìrẹsì fún àlejò pàtàkì. Ní Lomé, ọ̀ọ́dúnrún sẹfá ni wọ́n ń ta abọ́ kan rẹ̀ létí títì, fún ẹnikẹ́ni tí ebi bá ń pa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ bùbá àti ṣòkòtò léèsì funfun. Músíọ̀ ni mo fẹ́ lọ rí, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń la àwọn àgbẹ̀ lọ́yẹ̀, n kò sì fẹ́ kó rò pé ará oko ni èmi. Músíọ̀ ni wọ́n ń pe ọ̀gbẹ́ni lédè Faransé. Orúkọ rẹ̀ ni Músíọ̀ Olúfadé, Aflao-Gakli ló ń gbé. Àǹtí pe zémíjàn kan fún mi. Ọ̀kadà wọn nìyẹn, wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni "gbé mi kíákíá." Ó sọ ibi tí mò ń lọ fún un, ó sì wọlé. Zémíjàn náà yí sí mi, ó tún béèrè, bóyá kó lè dá a lójú. Orúkọ kejì ti fò lọ lórí mi.

"Aflao," ni mo wí, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ó gbé mi kíákíá lóòótọ́. A sáré títí a fi já sí etí òkun, ó sì já mi sílẹ̀ níwájú géètì ńlá kan tí èrò ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Mo rò pé ọ́fíìsì Músíọ̀ nìyẹn. Mo tún aṣọ mi ṣe, mo sì gba ibẹ̀ lọ. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ìjọba na ọwọ́ sí mi.

"Pásípọ̀."

"Músíọ̀ Olúfadé ni mo wá rí."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì tọ́ka síwájú. "Gánà."

Aflao tí kò ní Gakli, ìlú Gánà ni: ìgbésẹ̀ bíi mẹ́wàá ló kù kí n jáde kúrò ní Togo. Mo pe Àǹtí lórí fóònù. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀rín nìkan ni mò ń gbọ́, lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó ń ṣàlàyé fún àwọn oníbàárà rẹ̀ lédè Míná tí wọ́n ń sọ ní Lomé, mo sì gbọ́ ẹ̀rín tiwọn náà.

Músíọ̀ Olúfadé fúnra rẹ̀ ló fi alùpùpù rẹ̀ wá gbé mi ní ibodè. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò tíì tó ọmọ ogójì ọdún. Ará Atakpamé ni, èdè Ifẹ̀ tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ló ń bá mi sọ. Ó dún létí mi bí Yorùbá tó gba ọ̀nà àbùjá wálé: mo mọ ibi tó ti wá, mo mọ ibi tó ń lọ, ṣùgbọ́n mo ní láti tẹ́tí sí i láàárín. Láìpẹ́ etí mi ti mọ́ ọn, a sì jọ ń gba ọ̀nà etí òkun lọ síhà ìlà-oòrùn, láàárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù gàgàrà tó ń jáde láti èbúté.

Nígbà tí a sún mọ́ Baguida, mo rò ó pé ó tó àkókò. "Músíọ̀, ibo gan-an ni bọ́ọ̀sì náà ń dúró sí?"

"Bọ́ọ̀sì wo, Bàbá?"

"Bọ́ọ̀sì màlúù."

Ó fa alùpùpù sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó pa á. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo ojú mi, ó wo léèsì funfun mi, ó sì di ojú ara rẹ̀ mú.

"Bàbá," ó ní nígbà tó lè sọ̀rọ̀, "búùsì ni. Búùsì! Ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lédè Faransé."

Mo ti gba orílẹ̀-èdè kan kọjá wọ òmíràn, díẹ̀ ló sì kù kí n wọ ẹ̀kẹta, nítorí ìgbẹ́. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Dáví Afí ló ni oko tí a lọ. "Dáví" ni orúkọ ọ̀wọ̀ tí wọ́n fi ń pe obìnrin níbẹ̀, bí àwa ṣe ń sọ pé Àǹtí. Obìnrin alágbára ni, ohùn rẹ̀ sì ga. Màlúù mẹ́fà ló ní, gbogbo wọn ló ń fún un ní wàrà, ó sì ń fi díẹ̀ nínú wàrà náà ṣe wàgàsì, ìyẹn wàrà dídì tí àwa náà ń jẹ nílé, ó sì ń dín in. Ó gé èyí tó gbóná fún mi kó tó béèrè orúkọ mi. Lẹ́yìn ilé màlúù ni oko ẹ̀fọ́ rẹ̀ wà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan ilẹ̀. Yanrìn ni, irú yanrìn tí a ń fi ṣe búlọ́ọ̀kù nílé. Lórí rẹ̀ ni tẹ̀tẹ̀, àlùbọ́sà àti ẹ̀fọ́ gbọ̀mà wọn dúró sí, ewé gbọ̀mà tóbi bí etí erin, kò sì sí èyí tó ní ilà kankan nínú wọn.

Mo yọ ewé àgbàdo mi tí mo tẹ̀ sáàárín ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ kan láti ilé. Dáví Afí gbé e sí oòrùn. Ó sọ̀rọ̀ lédè Míná, Músíọ̀ Olúfadé sì túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní ilẹ̀ yín ń wá síńkì."

"Síńkì?" Mo wo òkè. "Ṣé kí n kan páànù lé oko lórí?"

Músíọ̀ tún di ojú rẹ̀ mú. Nígbà tí ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀, ó ní kí n jókòó, ó sì ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní. Ó ní àwọn èròjà wínníwínní kan wà tí irúgbìn ń wá nínú ilẹ̀: síńkì, irin, bàbà, àti àwọn míì. Wọn kò pọ̀ rárá, bí iyọ̀ ọbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n bí kò bá sí iyọ̀, ta ló máa jẹ ọbẹ̀ náà?

"Kí lẹ ń fún ilẹ̀ yín, Bàbá?"

"Ajílẹ̀ òyìnbó. Ìlọ́po méjì. Àti eérú."

"Eérú tó pọ̀ tó báwo?"

Mo fi ọwọ́ júwe rẹ̀. Ó súfèé.

"Ẹ ti fi iyán kún un lẹ́nu títí tí kò fi lè sọ pé òun ń wá iyọ̀. Ajílẹ̀ yẹn bó ṣe pọ̀ tó àti eérú yẹn ti há ìwọ̀nba síńkì tó wà nínú ilẹ̀ mọ́, gbòǹgbò ò lè rí i fà."

Ó mú mi lọ sí ilé màlúù. Ó fi òkúta aláwọ̀ pupa kan hàn mí tí wọ́n so kọ́ òpó. Iyọ̀ ni, tí wọ́n po àwọn èròjà wínníwínní yẹn mọ́. Àwọn màlúù ń lá a lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọdé tó rí súìtì. "Màlúù ò lè lo gbogbo rẹ̀ tán," ó ní. "Ohun tí kò lò ló ń jáde lẹ́yìn." Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni màlúù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé ìrù rẹ̀, ó fi bẹ́ẹ̀ jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ náà, ó sì ju ìrù kan náà lu àyà mi. Àmì aláwọ̀ ewéko gbọọrọ kan fi ilà sára léèsì mi láti èjìká dé ìdí. Dáví Afí kígbe, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún màlúù rẹ̀. Èmi rò pé ohun tó tọ́ sí mi ni mo rí gbà.

Mo ní kí Dáví Afí ta àpò ìgbẹ́ kan fún mi. Ó kọ̀. Músíọ̀ túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní òun ò ní fún ẹni tí kò bá tíì yí i wò. Ó ní ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yí máa fi pa oko rẹ̀, á sì ní ìgbẹ́ òun ló ṣe é."

Ó yá mi ní ìró àtijọ́ kan, mo so ó mọ́ ìdí, mo sì gba ṣọ́bìrì. Òkìtì mẹ́ta ni. Èyí tó jẹ́ tuntun, ìgbẹ́, koríko gbígbẹ àti ìdọ̀tí igi ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Dáví Afí di ọwọ́ mi mú, ó tì í bọ inú rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Mo pariwo. Ó gbóná bí ọbẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀! Ó ní ooru yẹn ló ń pa èso koríko inú rẹ̀, àti pé bí mo bá da irú rẹ̀ sí ìdí àgbàdo, gbòǹgbò ni yóò jó. Nítorí náà, mo ní láti máa yí i, kí n máa wọ́n omi sí i, títí á fi tutù. Mo yí òkìtì kejì láti aago mọ́kànlá títí di aago méjì ọ̀sán. Ẹ̀yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún rẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo dé ìdí òkìtì kẹta, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó gbé e sí imú mi. Mo fà sẹ́yìn, lẹ́yìn náà mo tún sún mọ́ ọn. Kò rùn. Òórùn ilẹ̀ tí òjò àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ló ń ta. Ó dúdú, ó rọ̀, eṣinṣin kan kò sì bà lé e.

"Ó ti jinná," ni Músíọ̀ wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìlọ́po méjì sí i o, Bàbá! Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù, ọbẹ̀ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Kí ẹ sì fi poro mẹ́rin sílẹ̀ láìfi sí i, kí ẹ lè mọ òótọ́."

Wọ́n fún mi ní àpò kékeré kan, mo sì gbé e padà sí Gbossimé. Àǹtí kò jẹ́ kí ó wọlé. Kò kọ́kọ́ jẹ́ kí èmi náà wọlé.

Ọjọ́ kẹta ni mo gba ọ̀nà ilé, mo gbé àpò mi lé itan bí ẹni gbé ọmọ. Ní Hillacondji, òṣìṣẹ́ kan lápá ti Bẹ̀nẹ̀ ní kí n tú u. Ó tẹjú mọ́ mi bí ẹni tó ti rí olè mú, ó tẹ ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò náà, ó wá inú rẹ̀ kiri. Kò rí nǹkan kan. Ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀.

"Kí nìyí?"

Mo nà tantan, mo ní, "Búùsì."

Nàgó ni òun náà. Ó wò mí pẹ̀lú àánú. "Bàbá, ṣé màlúù ò sí ní Nàìjíríà ni?"

Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé ìgbẹ́ àti erùpẹ̀ kì í kọjá ibodè láìsí ìwé, nítorí àrùn, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí n dà á sí ìdí ìbẹ́pẹ kan lẹ́yìn ọ́fíìsì. Mo padà sínú ọkọ̀ pẹ̀lú òfìfo àpò, wákàtí kan tí mo jèrè sì tún bọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọkùnrin yẹn bá mi jókòó títí dé Èkó. Ṣé màlúù ò sí? Ìyá Háwá, obìnrin Fúlàní kan, ń gbé wàrà wá sẹ́nu ọ̀nà wa láti bí ọdún mẹ́wàá. Gáà rẹ̀ kò jìnnà sí oko mi rárá. Bí màlúù rẹ̀ bá ké, mo máa ń gbọ́ ọ. Láti ọdún mẹ́wàá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ti bi obìnrin yẹn: kí ló dé tí wàrà fi kéré lónìí?

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọlé. Ìyá Ṣẹ́gun ń gbá iwájú ilé.

"Ẹ káàbọ̀. Bọ́ọ̀sì ńkọ́?"

"Ìgbẹ́ màlúù ni."

Ó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. "Ẹ gba Kùtọnu, ẹ gba Lomé," ó ń sọ, "ẹ lọ wo ìgbẹ́!"

Mo jẹ́ kó rẹ́rìn-ín rẹ̀ tán. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sí gáà Ìyá Háwá. Ó ní ìgbẹ́ náà ti di òkè, ó ti ń dí àwọn lọ́nà, kí n kó o. Mo ra òkúta iyọ̀ lílá fún àwọn màlúù rẹ̀, a sì jọ ṣàdéhùn pé bí mo bá ń rà á, mo lè máa kó o. Mo to òkìtì mi, mo bò ó, mo ń yí i ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí mi ò mọ̀, mo lọ ń bi obìnrin náà léèrè. Ó mọ ilẹ̀ ju bí mo ti rò lọ: òun ló fi ibi tí omi ń dúró sí nínú oko mi hàn mí, ibi tí mo ti ń rìn kọjá láti ọdún méjì. Bí ìrìn àjò yẹn bá kọ́ mi ní ohun kan, òun ni pé mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n bi èèyàn ní kìkì ìbéèrè tí mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè.

Òjò rọ̀. Mo gbin àgbàdo, mo bu ìgbẹ́ tó ti jinná sí i níwọ̀nba, mo sì fi poro mẹ́rin sílẹ̀ láìfi nǹkan sí i. Nígbà tí ó ga dé àyà, mo ní kí Ìyá Ṣẹ́gun wá wò ó. Ó wá, Àdìsá tẹ̀lé e lẹ́yìn pẹ̀lú àdá tó ti pọ́n dáadáa. Poro mẹ́rin yẹn kúnlẹ̀ sójú kan. Àwọn yòókù dúdú, wọ́n ga, ewé wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ìyá Ṣẹ́gun rìn wọ inú oko lọ títí n kò fi rí i mọ́, ewé nìkan ni mò ń gbọ́ tó ń dún. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní kí Àdìsá máa lọ sílé, ó gbọn ìrì kúrò lára ìró rẹ̀, ó sì yíjú sí mi.

"Bàbá Ṣẹ́gun," ó ní, "ilẹ̀ ìsàlẹ̀ odò tí màmá mi fi sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ o. Ṣé àwọn màlúù yẹn lè yàgbẹ́ tó méjèèjì?"